Ta Ló Gbin Igi Sórí Ilẹ̀ Bàbá Mi?

Mùnírù, wọlé, kí o jókòó, kì í ṣe orí kẹ́ẹ̀gì yẹn, epo oníbàárà ni, orí àga. Ṣé o rí i pé mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, èmi tí mi ò ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ ọjà rí láti ìgbà tí mo ti ń ta epo pupa ní Adja-Ouèrè yìí? Ìwọ ni mo tì í fún. Àna wa ni ọ́, ìwọ lo fẹ́ Bíntù àbúrò mi, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ́kọ́ bi ọ́ ní kọ̀rọ̀ kí n tó bi ọ́ lójú ọjà: ta ló gbin igi sórí ilẹ̀ bàbá mi?

Má rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo máa ń fi èèyàn rẹ́rìn-ín ní ìlú yìí, iṣẹ́ mi ni, má gbà á lọ́wọ́ mi.

O ní ẹ̀rọ ni. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni, ta ni kò mọ̀? Nígbà tí ẹ gbé dírónù yín dé lásìkò òjò tó kọjá, tó ń kùn lókè bí agbọ́n tí wọ́n tọ́ níjà, gbogbo Tatonnonkon, abúlé bàbá mi, ló tú jáde. Àwọn kan ní ó ń ka iye ìyàwó tó wà ní agboolé kọ̀ọ̀kan, àwọn ọkùnrin kan sì ń ti ìyàwó wọn wọlé. Èmi wà ní Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ náà, mo gbé epo lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ròyìn fún mi. Wọ́n ní o dúró sídìí ọ̀pẹ, o wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn ti pòrójẹ̀, iléeṣẹ́ tó gbà ọ́ pé kí o wá gbin igi yìí, o di nǹkan kan mú lọ́wọ́ méjèèjì, ò ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ sì ń su kiri lókè. Má bínú, kí ni kí n pè é? Amọ̀ roboto tí hóró igi wà nínú rẹ̀, tó ń já bọ́ pò pò pò láti òkè: lójú tèmi, ewúrẹ́ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò nìyẹn.

Mo gbọ́, mo gbọ́, ayé ń gbóná. O rò pé mi ò mọ̀? Èmi tí mò ń ra ẹyìn lọ́wọ́ àwọn obìnrin Oko-Akarè, mo rí bí ẹyìn ṣe ń kéré sí i. Òjò kò mọ ìgbà tó yẹ kó dé mọ́, tó bá sì dé, á dé bí ẹni tó wá gba gbèsè, á gbá gbogbo nǹkan lọ. Ilẹ̀ dúdú tiwa yìí, tó bá rẹ, á bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ èèyàn. Tó bá gbẹ, á lanu débi tí ẹsẹ̀ àgùntàn lè há sínú rẹ̀. Mi ò bá igi jà. Màdáàmù Solange ọ̀gá yín, tó ń wọ bàtà òjò nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ṣàlàyé fún mi pé igi máa ń fa èéfín tó ń mú ayé gbóná sínú. Mo ní ó dáa. Mo ní èéfín ta ni? Alùpùpù mélòó ló wà ní Tatonnonkon? Àwọn tó ń fi ọkọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí gba Kútọnu kọjá, àwọn ló ni èéfín, ilẹ̀ bàbá mi ló wá máa gbà á mì. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Eyín nìkan ló fi rín in, ojú kò bá a dá sí i.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí Solange ni mo ṣe ti ilẹ̀kùn.

Gbọ́. Kútọnu lo ti dàgbà, bóyá o ò mọ̀, bóyá o sì mọ̀ tí ò ń díbọ́n, ojú rẹ ni mo fẹ́ fi mọ èyí tó jẹ́. Bàbá mi Àbúdùlàhí, kí Ọlọ́run forí jì í, ló yá Fátókun nílẹ̀. Ọkọ́ nìkan ni Fátókun gbé dé, bàbá mi ní kó máa dáko níbẹ̀. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ata, ẹ̀pà, ohun tó bá wù ú. Igi nìkan ni kò gbọdọ̀ gbìn. Láti ibí dé Pọbẹ̀, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ẹni tí a yá nílẹ̀ kì í gbin igi síbẹ̀. Àgbàdo á ṣe oṣù díẹ̀, á lọ, ẹ̀gẹ́ náà á lọ, ṣùgbọ́n igi ń dúró. Tí o bá gbin ọ̀pẹ sórí ilẹ̀ onílẹ̀, tí onílẹ̀ dákẹ́ títí ó fi so, àwọn ọmọ rẹ á kọ ẹyìn rẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ á ní bàbá àwọn ló ni ibẹ̀, àwọn àgbà á sì gbà fún wọn. Fátókun mọ èyí ju èmi lọ. Ìbẹ́pẹ tó hù fúnra rẹ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀ rẹ̀, ó fà á tu kí bàbá mi má bàa rí i. Tó bá sì kórè, ọdọọdún ló ń gbé apẹ̀rẹ̀ àgbàdo kan wá fún wa. Kì í ṣe pé ebi ń pa wá. Ó fi ń sọ pé òun ṣì mọ ẹni tó nilẹ̀ ni.

Apẹ̀rẹ̀ yẹn kò dé lọ́dún yìí, Mùnírù.

Mo dúró, mo ní bóyá ara rẹ̀ ni kò yá. Mo gun alùpùpù, mo lọ kí i. Mo bá a lórí ilẹ̀ wa, lápá ibi tí a fi sílẹ̀ kó sinmi, tí òun fúnra rẹ̀ kì í dé tẹ́lẹ̀, ó ń ro ìdí akasíà, igi tí ẹ̀rọ yín dà sílẹ̀ láti òkè, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣe é jẹ́jẹ́ bí ẹni ń fá irun ọmọ tuntun. Igi ti dé ìbàdí mi. Mo ní, "Bàbá Fátókun, kí lẹ̀ ń ṣe?" Ó ní, "Ìyá Hàkímù, mò ń tọ́jú igi mi ni." Mo ní igi ta? Ó ní igi òun, pòrójẹ̀ ló ní kí òun máa tọ́jú rẹ̀. Mo ní ta ló gbìn ín? Ó nàka. Wàláì, sánmà ló nàka sí. Ó ní, "Ẹ̀rọ ló gbìn ín, ọwọ́ mi mọ́. Àbí ẹ rí mi níbi tí mo ti ń fò?" Gbogbo àwọn tó wà lóko bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò ní parọ́, ọ̀rọ̀ náà dùn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín ni mò ń ka igi náà.

Ṣé o rí ọgbọ́n náà? Tó bá jẹ́ pé òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ín, màá fà á tu lójú ẹsẹ̀, àwọn àgbà á sì bá mi fà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló gbìn ín. Ẹ̀rọ kò ní bàbá, kò ní agboolé, kò sí ibi tí wọ́n ti lè ránṣẹ́ pè é kó wá rojọ́. Igi wà nílẹ̀, ẹni tó gbìn ín kò sí. Ẹni tó bá ti ń ro ìdí irú igi bẹ́ẹ̀ ló máa ni ín tó bá yá, ilẹ̀ á sì tẹ̀lé igi lọ. Ẹ tún ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé e títí ọdún mélòó? Má sọ ọ́. Èmi á ti kú, Hàkímù ọmọ mi á ti hewú, ọmọ Fátókun á sì máa júwe ilẹ̀ bàbá mi fún ọmọ tirẹ̀.

Ta ni ẹ bi kí ẹ tó fò?

O ní ẹ ṣe ìpàdé. Bẹ́ẹ̀ ni, lọ́jọ́ ọjà, nígbà tí gbogbo obìnrin tó ní nǹkan láti tà kò sí nílé. O ní ẹ bèèrè. Kí lẹ bèèrè? Ẹ ní, "Ta ló ń dáko níhìn-ín?" Fátókun nawọ́ sókè. Kò parọ́, òun ló ń dáko níbẹ̀. Ẹ ò bèèrè ẹni tó yá a. Ẹ wá gbé ẹ̀rọ sókè, ẹ rí igbó, ẹ ní ibí yìí ṣófo. Báwo ló ṣe ṣófo? Ilẹ̀ tó ń sinmi ni. Ìwọ náà máa ń sùn lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, Bíntù sọ fún mi, ṣé ẹnì kan gbin akasíà sí ọ láyà? Pèrègún tí bàbá mi fi pààlà ńkọ́, ẹ̀rọ yín kò rí i? Ẹ̀rọ tí o sọ pé ó lè rí ewúrẹ́ lókèèrè, kó sì rí ìwo rẹ̀.

Wò ó, kò sí ẹni tí mi ò fura sí. Mò ń fura sí Solange, nítorí pé ó kí mi ju bó ṣe mọ̀ mí lọ. Mò ń fura sí Fátókun, ìyẹn kò gba àlàyé. Adìyẹ Fátókun pàápàá, mò ń fura sí i, abẹ́ igi yẹn ló ń yé sí báyìí. Mo sì ń fura sí ọ. Ẹran ìgbẹ́ tí mo jẹ nílé yín lọ́jọ́sí, Bíntù ní Fátókun ló gbé e wá fún yín. Mo ti jẹ ẹ́ tán kí n tó gbọ́. Ó dùn, ohun tó bí mi nínú jù nìyẹn.

Dákẹ́, má búra. Tí o bá búra, màá gbà ọ́ gbọ́, mi ò sì tíì fẹ́ gbà ọ́ gbọ́.

O ní kí ni? Kí n fà wọ́n tu? Kí wọ́n máa sọ kiri pé Màríámù elépo ń bá òjò jà? Èmi tí mo fẹ́ òjò ju gbogbo yín lọ? Rárá. Ẹ jẹ́ kí igi wà. Kí lo tún sọ? O ní pòrójẹ̀ ní kò sí ẹnì kan tó ni ín, gbogbo ayé ló ni ín. Mùnírù, mo ti gbé Kútọnu, mo ti gbé Èkó. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí tí gbogbo ayé jọ ni, ilé ìgbẹ́ ibùdókọ̀ ni. Ìwọ náà ti wọ ibẹ̀ rí.

Na ọwọ́ rẹ kí n rí i. Àtàǹpàkò yìí lo fi ń tẹ̀ ẹ́? Ẹ̀rọ yẹn, ṣé ó lè dìde nínú àpótí fúnra rẹ̀, kó ní òun ń lọ sí Tatonnonkon? Kò lè ṣe é. Ìwọ lo sọ ibi tó máa lọ fún un, ìwọ lo sọ ibi tó máa da hóró sí. Ó dáa. A jẹ́ pé ìwọ lo gbin igi.

Má wo ilẹ̀kùn.

Ìwọ, ọkọ Bíntù, lo gbin igi sórí ilẹ̀ bàbá ìyàwó rẹ. Kí là ń pe ìyẹn nílẹ̀ wa? Ọkùnrin tó bá fẹ́ ọmọ wa, á kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá sóko àna, wọ́n á kọ ebè, wọ́n á gbin ohun tí wọ́n bá ní kí wọ́n gbìn, kò sì sí onílé tàbí àlejò tó máa sọ láé pé ti ẹni tó gbìn ín ni. Ti ẹni tó bí ìyàwó ni. Ìwọ kò wá. O ní o wà nílé ìwé, lẹ́yìn náà o ní ẹ̀yìn ń dùn ọ́, bàbá mi ní ká fi ọ́ sílẹ̀, pé ọwọ́ rẹ rọ̀ bí àkàrà. Ó kú láìrí iṣẹ́ rẹ. Ó dáa, o ti wá ṣe é báyìí. Ó pẹ́, o sì gba òkè wá, ṣùgbọ́n o ṣe é.

O ní Solange á lé ọ. Sọ fún Solange pé èmi ni mo rán ọ. Sọ fún un pé tí ẹ bá tún fẹ́ fò, kí ẹ wá lọ́jọ́ tí àwọn obìnrin wà nílé, kí ẹ bèèrè ẹni tó yá ẹlòmíràn nílẹ̀, kí ẹ sì fi èèyàn ẹlẹ́ran ara kan hàn wá tí yóò gbà pé òun ló gbìn ín, tí a lè ránṣẹ́ pè. Ẹ̀rọ tí kò bá ní ẹni tó máa dáhùn fún un, kó sùn sínú àpótí rẹ̀. Mi ò ní kí Fátókun kúrò níbẹ̀. Ebi á pa á, mi ò sì ní ẹni tí màá máa fi rẹ́rìn-ín mọ́. Kó gbin ẹ̀pà sáàárín igi, ṣùgbọ́n kó mọ ẹni tó ni igi tó ṣíji bò ó.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí ẹ bá kírun tán, wàá wá sí Tatonnonkon. Mo ti ránṣẹ́ sí àwọn àgbà. Má gbé dírónù wá, mi ò fẹ́ kí ojú ẹnikẹ́ni tún lọ sókè. Wàá bọ́ ẹ̀wù pòrójẹ̀, wàá dọ̀bálẹ̀ fún àwọn ará ilé wa, wàá ní, "Èmi ọkọ Bíntù ni mo gbin igi yìí, iṣẹ́ àna ni mo wá ṣe." Lẹ́yìn náà wàá mú ọkọ́, wàá ro ìdí wọn láti orí èyí àkọ́kọ́ títí dé ẹ̀bá ààlà, lójú Fátókun. Tí o kò bá wá, Bíntù wà ní yàrá ẹ̀yìn níbẹ̀ yẹn, ó ti ń gbọ́ wa, ó ti kó aṣọ rẹ̀ dání, kò ní bá ọ padà sílé.

O ò mọ ọkọ́ lò? Ha, Mùnírù. Fátókun á kọ́ ọ.