Ọwọ́ Tí Mo Fi Bo Ìlérí Lẹ́nu

Kí ẹ tó fi mí joyè Ìyá Àdúrà lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ jẹ́ kí n pọ òtítọ́ tí mo ti ń gbé mì látìgbà tí Ìlérí ti kú. Bùkúnmi, àbúrò mi, ìwọ gan-an ni mo ń bá sọ ọ́. Èmi Mary, ẹ̀gbọ́n rẹ, tí o gbé Ìlérí ọmọ rẹ fún láti etí omi pé kí n bá ọ tọ́ ọ ní àdúgbò Okumagba Layout wa níbí, èmi ni mo dí ọ̀nà mọ́ ọn.

Gbogbo yín lẹ rántí ìdúpẹ́ tí mo ṣe. Mo gba maiki, mo ní Ọlọ́run ti gba Ìlérí lọ́wọ́ áìsì, oògùn olóró tí àwọn ọ̀dọ́ ń fà. Ẹ jó, ẹ yọ̀. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò jó. Mo rí i pé kò jó, mo sì ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìdúpẹ́ yẹn ni Ìlérí di àyà mú nínú yàrá, òógùn bò ó. "Big Mummy, my chest! E be like say person kneel down for there!" Kingsley, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará ilé kejì tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ló gbé wa lọ sí ọsibítù. Lójú ọ̀nà ló ń bẹ̀ mí: "Mummy, tell doctor say e smoke ice this morning o. I dey there. Abeg, no hide am." Mo jágbe mọ́ ọn: "Shut up there! Na you go spoil God testimony?" Mo lé e padà ní géètì.

Dókítà, ọmọbìnrin kan tí kò tíì sùn tó, bi Ìlérí pé, "Wetin you take?" Nílé wa, àgbà ló ń dáhùn fún ọmọ níwájú àlejò. Mo dáhùn: "My pikin no dey take anything. God don deliver am." Ó ní, "Mama, I no be police. E get heart medicine wey I wan give am. But if ice dey him body, that same medicine fit worry am." Mo gbọ́ o. Kì í ṣe pé n kò gbọ́. Mo tún ní rárá. Lójú tèmi, bí mo bá ní ó fà á, àfi bí ìgbà tí mo lọ gba ọpẹ́ mi padà lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ oògùn ọkàn náà. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ìrora náà túbọ̀ le. Dókítà sáré padà wá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀: "Mama, I take God beg you, talk true." Bùkúnmi, ọmọ rẹ tí kì í fi Yorùbá dá mi lóhùn láti kékeré, ó yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ."

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu, mo sì gbé àdúrà sókè. Mo ń kì í: "Ìlérí ọmọ Akínrẹ̀mí, ọmọ atukọ̀-kọjá-ìjì, ọmọ olómi-kì-í-gbẹ, o ò ní kú!" Mo ń pariwo kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ohùn rẹ̀. Ètè rẹ̀ ń mì lábẹ́ ọwọ́ mi. Mo sọ fún ara mi pé àmín ló ń ṣe. Nígbà tí nọ́ọ̀sì fi máa fà mí kúrò, kò ní èémí tó máa fi sọ̀rọ̀ mọ́. Ibẹ̀ ló kú sí.

Dókítà kò sọ pé abẹ́rẹ́ yẹn ló pa á. Ó ní áìsì tó fà nìkan náà lè pa á, pé òun kò mọ̀. Mo ti bẹ Ọlọ́run kó sọ èyí tó jẹ́ fún mi. Kò sọ. Ẹ wá lé Kingsley kúrò ládùúgbò pé òun ló fi oògùn pa ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo jókòó láàárín yín, n kò la ẹnu.

Bùkúnmi, bí o kò bá lè dárí jì mí, má fi ipá ṣe é. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣì ń fà á, ta ni èmi tí n ó bá yín wí? Ṣùgbọ́n bí àyà bá ń dùn yín, tí dókítà bi yín léèrè, ẹ fẹnu ara yín dáhùn. Bí ìyá yín bá fẹ́ bá yín dáhùn, ẹ ní kí wọ́n mú un jáde.