Orúkọ Tí Wọn Ò Pè Lójú Omi

Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé àná la dé, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ sùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Rárá, kò sẹ́ni tó jà mí lólè. Rárá, ara mi dá. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ni. Wọ́n mú mi rin odindi ọjọ́ kan lórí ilẹ̀ àti lórí omi, èmi pẹ̀lú wọn, mo sì dá wà ju bí mo ṣe ń dá wà nínú ilé lọ.

Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ nígbà tí Nọ́ọ̀sì àti Tíṣà wá bẹ̀ mí. Wọ́n ní láti oṣù mẹ́jọ tí ọkọ mi ti kú, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo há mọ́, kí n jẹ́ ká lọ wo ìlú onílùú. Mo fi aṣọ bo ẹ̀rọ, mo tẹ̀ lé wọn. Ṣé àjèjì ni wọ́n sí ọkọ mi ni? Tíṣà gan-an ló sọ ọkọ mi ní Ọ̀gá Onípákó nígbà tí ọkọ mi ń fẹ́ mi, tó máa ń há ayùn mọ́ abíyá wá kí mi nílé. Mo ní àwọn tó mọ̀ ọ́n ni mò ń bá lọ, a óò máa sọ ọ́ lójú ọ̀nà.

Ọjọ́bọ̀ yẹn ni mò ń wí. Ìdájí la wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sétí omi. Méjì-méjì ni wọ́n ṣe ìjókòó rẹ̀. Àwa sì jẹ́ mẹ́ta. Ta ló máa dá jókòó? Èmi náà ni. Mo gbé báàgì mi sórí ìjókòó kejì, mo nà kọjá, mo ní, ká ní Ọ̀gá Onípákó wà níbí ni, awakọ̀ ò tíì ní ṣáná tí ì bá ti máa hanrun.  Tíṣà yíjú sí Nọ́ọ̀sì, ó bi í bóyá bisikíìtì kù. Ẹ̀gbọ́n mi, bisikíìtì wà lórí itan Tíṣà fúnra rẹ̀.

Mo ní bóyá kò gbọ́ ni. Òkè là ń gùn, tá à ń sọ̀ kalẹ̀, tá a tún ń gùn, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ wọn, èmi ń wo fèrèsé.

A dé ẹnubodè, wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù. Orúkọ, ọjọ́ ìbí, iṣẹ́, mo kọ gbogbo rẹ̀. Ó wá ku ibi tí wọ́n ti ń bèèrè pé, ṣé o ò tíì lọ́kọ ni, ṣé o lọ́kọ, ṣé opó ni ọ́. Mo mú bíírò dání, mò ń ka ibẹ̀ lákàtúnkà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ìwé máa bi mí bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Mo wo Nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì gba bíírò lọ́wọ́ mi, ó fa ìlà síbi tó yẹ, ó dá a padà fún mi, ó ní ìlà ti ń gùn lẹ́yìn wa. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tá a jọ sùn lórí ẹní kan náà nílé ìwé.

Ìjì dá ọkọ̀ ojú omi dúró fún wákàtí méjì. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì, a ń wò bí mọ́tò ṣe ń wọnú ikùn ọkọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó gbéra, mo dúró ti irin etí ọkọ̀, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí. Ẹ mọ̀ pé ọkùnrin yẹn ò lè kọjá lórí afárá odò kékeré láìdi etí aṣọ mi mú. Mo ní, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fojú inú wo Ọ̀gá Onípákó lórí omi yìí. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo máa rín láti oṣù mẹ́jọ nìyẹn.

Tíṣà ní, "Ẹ wo àwọn ẹyẹ yẹn."

Wọ́n lọ ya àwòrán ẹyẹ.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ọkọ̀. Bàbá kan ń ta tíì níbẹ̀, irun rẹ̀ funfun báláú, kò gbédè mi, n kò gbédè rẹ̀. Mo gba tíì, mo dúró síbẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, Yorùbá pọ́nbélé. Mo sọ fún un bí omi ṣe máa ń ba ọkọ mi lẹ́rù. Mo sọ bó ṣe fá etí ilẹ̀kùn yàrá wa lẹ́ẹ̀mẹ́ta torí pé ó ń dún nígbà tí mo bá ń sùn. Mo tún sọ èyí tí n kò sọ fẹ́nì kankan rí. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà ò mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tí ọkọ mi kú, ó wá bá mi nídìí ẹ̀rọ, ó ní ó dà bíi pé lẹ́búlẹ́bú pákó ló kún òun láyà. Mo ní kó lọ dùbúlẹ̀. Mò ń ká etí apá aṣọ oníbàárà lọ́wọ́. Mo ká apá ọ̀tún tán, mo ká tòsì, kí n tó dìde lọ wò ó.

Apá méjèèjì ni mo ká tán.

Ẹ má sọ pé kì í ṣe ẹ̀bi mi. Ẹ dákẹ́ ná. Bàbá yẹn ò sọ bẹ́ẹ̀, kò sáà gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Ó kàn ń nu ife kan ṣoṣo, ó ń nù ún, ó ń wò mí, kò sì yíjú kúrò. Èmi tí mo lọ́rẹ̀ẹ́ méjì lókè, ẹni tí kò mọ̀ mí rí ló gbọ́ mi dópin.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá mi. Nọ́ọ̀sì rí ojú mi, òun náà bú sẹ́kún. Ó ní, "Má bínú sí wa. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló ní ká búra pé a ò ní dárúkọ ọkọ rẹ sí ọ létí."

Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé lóòótọ́ ni?

Ẹ̀yin ni. Ẹ ní kí n má baà sunkún ni. Mo gbọ́. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló sún yín ṣe é, mo fi ìyá tó bí wa búra, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ikú gba ara ọkọ mi lọ́wọ́ mi, ẹ̀yin sì tún lọ gba ìyókù. Ṣé ẹkún lẹ rò pé ó máa pa mí? Ìdákẹ́jẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo ilé tí mo bá wọ̀, ọ̀rọ̀ ń gé mọ́ àwọn tó wà níbẹ̀ lẹ́nu bíi pé èmi ni mo kó àrùn wọlé.

Ẹ má fọwọ́ kàn mí, n ò fẹ́ ìtùnú. Ẹ pè é lórúkọ. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ gan-an. Lẹ́yìn náà, kí ẹ bi mí ní nǹkan kan nípa rẹ̀, ohunkóhun tó bá wá sí yín lẹ́nu. Mo ráyè títí di ìrọ̀lẹ́.