Ọ́ìlì Ò Jò Mọ́, Ọwọ́ Ọkọ Mi Tún Ń Ṣí

Ògo ni fún Ọlọ́run tó rí mi nínú ọkọ̀ tó kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì! Ẹ bá mi dúpẹ́, ẹ̀yin ará. Ẹ ṣé.

Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ọkọ mi. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kú, kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni mo ń fi ọkọ̀ wa gbé e láti Ṣàngótẹ̀dó lọ síbi tí wọ́n ti ń na apá fún un ní Igbó Ẹfọ̀n. Àwọn ìka rẹ̀ ti ń ṣí díẹ̀díẹ̀.

Mo pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ náà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Ìkátẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń jò. Ibi tí mo bá páàkì sí, ilẹ̀ á dúdú. Mẹkáníìkì ní ẹ́ńjìnnì ló gbó, ó wá da ọ́ìlì tó ki sí i. Jíjò náà ò dáwọ́ dúró. Mo tún padà lọ, ó ní kí n ta ọkọ̀ náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù.

Lọ́jọ́ kan, a dé Ajah, iná pupa ọ́ìlì tàn níwájú mi. Mo pa ẹ́ńjìnnì. Oòrùn ń pa wá. Ọkọ mi fẹ́ sọ nǹkan, kò lè sọ ọ́, omi kàn ń bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò lè gbàdúrà. Mo sọ fún Ọlọ́run pé ó ti sú mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la ò fi lọ sí Igbó Ẹfọ̀n. Kò lè gun bọ́ọ̀sì, apá mi ò sì ká owó táásì. Dókítà tó ń na apá fún un pè mí: “Mà, tí ẹ ò bá gbé wọn wá, ọwọ́ yẹn á le pátápátá.” Ó ti ń le. Mo ń wò ó bí àwọn ìka náà ṣe ń ká kò padà.

Bàbá Mùrí, aládùúgbò wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ dẹ́rẹ́bà, wá kí ọkọ mi. Wọ́n ní àwọn fẹ́ yẹ ọkọ̀ náà wò. Wọ́n wọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n tú fílítà ọ́ìlì, wọ́n pè mí.

“Ìyàwó, wá wò ó. Rọ́bà tó ń dí ẹnu fílítà kí ọ́ìlì má baà jò, méjì ló wà níbí. Mẹkáníìkì yín ò yọ ti àtijọ́ kúrò kó tó de tuntun lé e. Ẹ́ńjìnnì yín ò gbó.”

Wọ́n yọ rọ́bà àtijọ́ náà, wọ́n da ọ́ìlì tó ki yẹn nù, wọ́n ra èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lára ìdérí ibi tí à ń da ọ́ìlì sí. Wọ́n tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀ láti wò ó bóyá á ṣì jò. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, páálí gbẹ. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo sunkún.

Ọkọ mi ò tíì rìn o. Kò tíì pe orúkọ mi. Ṣùgbọ́n a ti padà sí Igbó Ẹfọ̀n, ìka méjì sì ti ṣí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìyẹn ni mo wá dúpẹ́ lé lórí.

Ẹni tó bá ti rẹ̀ débi pé kò lè gbàdúrà mọ́, ó rẹ èmi náà bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run ò dúró de àdúrà mi kó tó rán Bàbá Mùrí sí wa. Olúwa, mo dúpẹ́.