Kúlíkúlí Tí Ìyá Ìjọ Fi Mu Gàrí

Mubarakah ọ̀rẹ́ mi, jókòó, má tíì bọ́ kóòtù, jókòó bẹ́ẹ̀, torí tí mi ò bá rí ẹni sọ ọ́ fún báyìí ikùn mi á bẹ́! Wọ́n ní kí n lé Sísí jáde! Sísí tèmi, ológbò tó jókòó sórí rédíétọ̀ tó ń mú ilé gbóná yẹn tó ń wò ẹ́ bí ìyá ọkọ, wọ́n ní kó tó di ọ̀la ọjọ́ Àìkú kó ti kúrò nílé yìí! Kí ló ṣe? Ó jí ẹran ni? Kò jí ẹran o! Ìyá Ìjọ ló jẹ oúnjẹ ẹ̀! Háà, mo ti sọ ọ́! Má rẹ́rìn-ín, ìwọ obìnrin yìí, mi ò tíì débẹ̀, tí o bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín mi ò ní lè sọ ọ́ tán.

Ṣé o mọ Ìyá Ìjọ wa? Ìyá Ayọ̀mípọ̀sí, èyí tó ga, tí o rí ní bọ́sítọ́ọ̀pù lọ́jọ́sí tó wọ sùtánà funfun láìwọ bàtà, tí o ní òtútù á pa á. Òun náà ni. Òtútù ò pa á o, ó wà níbẹ̀ digbí! Bàbá Ọmọ́lẹ́wà ló lọ pè é wá. Ọkọ tèmi, Mubarakah! Ó lọ fẹjọ́ mi sùn, ó ní ìyàwó òun ń ka ẹ̀yìn àpò oúnjẹ ológbò ju bó ṣe ń ka Bíbélì lọ, ó ní ológbò dúdú ò yẹ nílé aláṣọ funfun, ó ní ohun tí Ìyá Ìjọ bá ti sọ, abẹ gé e. Dúdú kẹ̀! Wo ẹsẹ̀ ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣé kò funfun? Ó ti wọ sùtánà láti orúnkún sílẹ̀, kí ló tún kù?

Àmọ́ kì í ṣe irọ́, mò ń kà á. Ṣé kí n má kà á? Ìwọ náà wà níbí nígbà tó ń họra tọ̀sán-tòru, tí irun ẹ̀yìn ẹ̀ ń re, tí dókítà ẹranko ní ká lọ wo ohun tó ń jẹ. Iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, Mubarakah? Kíṣìnì ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ìlú òyìnbó níbí, ní Becontree Heath, ọdún kẹsàn-án rèé! Nǹkan kan kì í wọ ẹnu arúgbó kan níbẹ̀ kí n má kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn àpò ẹ̀ wò. Nǹkan mẹ́rìnlá ló wà nínú oúnjẹ tó lè bá ara èèyàn jà, mo ti há wọn sórí bí orúkọ àwọn ọmọ Jékọ́bù. Èmi yìí ni màá wá máa gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún ológbò láì wo ẹ̀yìn ẹ̀?

Mo bá gbé jígí sójú, mo dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, mò ń yí àpò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mubarakah, ayé le! Èyí tí mo ti ń rà fún un láti ọjọ́ yìí, wọ́n ya itan adìẹ sí iwájú ẹ̀, itan tó ń dán, wọ́n ya ẹ̀fọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ bí ẹni pé àna ni wọ́n fẹ́ gbé e fún. Mo yí i padà. Ọkà ló ṣáájú! Ọkà kì í ṣe májèlé o, ṣùgbọ́n ṣé ó yẹ kó ṣáájú ẹran nínú oúnjẹ ológbò? Torí ohun tó bá ṣáájú lórí ìwé yẹn ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, bí òfin ṣe wí nìyẹn. Èwo ló tẹ̀lé e? Ẹran àti ohun tó ti ara ẹranko wá. Ẹranko wo? Ṣé kò lórúkọ ni? Ibo lára ẹ̀? Wọn ò sọ! Adìẹ tí wọ́n yà sí gbangba yẹn wá ńkọ́? Ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún! Mẹ́rin! Adìẹ yẹn kàn gba iwájú ilé iṣẹ́ wọn kọjá ni, ó kí wọn, ó bá tiẹ̀ lọ!

Mo tún rí eérú níbẹ̀. Eérú! Mo figbe ta nínú ṣọ́ọ̀bù, mo ní ẹ fi eérú bọ́ ọmọ mi! Ọmọbìnrin tó ń to ọjà ló sáré wá ṣàlàyé pé wọn ò bu eérú sí nǹkan kan, pé ìyẹn lohun tó máa ṣẹ́ kù ká ní wọ́n sun oúnjẹ náà níná, ohun tó ń kọ́ eegun ni. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní kó má bínú. Àmọ́ mo ṣì fojú burúkú wo àpò náà.

Ìgbà tí mo wá rí èyí tó dáa, mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Adìẹ ló ṣáájú, adìẹ gbígbẹ tẹ̀lé e, ìrẹsì díẹ̀, epo ẹja, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé oúnjẹ pípé ni, kì í ṣe ìpápánu, wọ́n sì fi tọ́ríìnì sí i, èyí tí ojú àti ọkàn ológbò fi ń ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré! Fọwọ́ kan irun yẹn. Fọwọ́ kàn án, kò ní gé ẹ jẹ. Ṣé o rí i?

Kì í sì í ṣe ti irun nìkan. Ìwọ mọ̀. Láti ìgbà tí Ọmọ́lẹ́wà ti lọ sí yunifásítì, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ṣé èmi ló ń pè? Sísí ló ń pè! "Mọ́mì, ẹ gbé Sísí wá síwájú fóònù." Èmi á wá yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ológbò, màá sáré bi í, ṣé o ti jẹun, ṣé o ti gbàdúrà, kó tó ní ó dàbọ̀. Bí mo ṣe ń rí ojú ọmọ mi lójoojúmọ́ nìyẹn. Tí Sísí bá kúrò nílé yìí, ta ló máa pè mí? Ohun tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi nìyẹn, Mubarakah, kì í ṣe ológbò.

Ó dáa. Ọjọ́bọ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, Ìyá Ìjọ dé. Mo wà lókè, mò ń wá Sísí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí n lè nu ojú ẹ̀ kó rí bí ọmọlúàbí. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, Ìyá Ìjọ ti wọ kíṣìnì, ó ti ṣí ike áísìkiriìmù.

Ẹ̀bi mi nìyẹn, mo gbà. Inú ike áísìkiriìmù ni mo máa ń da oúnjẹ Sísí sí kí atẹ́gùn má bà á jẹ́. Níbi iṣẹ́, tí o bá da nǹkan sínú ike tí o ò lẹ orúkọ mọ́ ọn, ọ̀gá á bá ẹ wí débi tí o ò ní gbàgbé. Nílé, déètì nìkan ni mo kọ. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, nílé Yorùbá wo lo ti ṣí ike áísìkiriìmù rí tí o bá áísìkiriìmù níbẹ̀? Ata ni, ẹ̀gúsí ni, ìpápánu ni. Ìyá Ìjọ rí nǹkan kéékèèké, ó gbẹ, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ju ẹyọ kan sẹ́nu, ó ró kàù! Ó ní, "Ìyàwó wa, ta ló bá ẹ mú kúlíkúlí bọ̀ láti ilé?"

Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn kì í ṣe..." Ó ní, "Ṣé kúlíkúlí lo fẹ́ máa fi ṣahun sí mi?" Mo ní, "Mà, Sísí ló ni..." Ó rò pé èèyàn kan ni, ó ní kí Sísí náà wá jẹ, òun ò kúkú ní jẹ ẹ́ tán. Mo tún lanu lẹ́ẹ̀kẹta, Bàbá Ọmọ́lẹ́wà ti wọlé dé, ó ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n má dójú ti òun, òun náà ò mọ̀ o! Ó ní kí n bá Màmá rẹ gàrí. Gàrí, Mubarakah! Omi tútù, ṣúgà, yìnyín! Mo rẹ gàrí. Ìyá Ìjọ bu ẹ̀kúnwọ́ oúnjẹ Sísí dà sí i, ó ń mu ún, ó ń fọ́ ọ lẹ́nu wàmùwàmù, ó ní kúlíkúlí Abẹ́òkúta tí wọ́n fi tọ́ òun dàgbà ò dé ìdí èyí, pé ìyẹn máa ń há sí eyín. Ọkọ mi náà nawọ́! Ọkọ mi tó ti ibi iṣẹ́ ní River Road dé lọ́jọ́ yẹn tó ní mò ń fi owó ṣòfò lórí ẹnu ẹranko, ó bu ẹ̀kúnwọ́ méjì, ó jẹ ẹ́, ó lá ọwọ́! Kí ni mo lè ṣe? Iṣẹ́ mi nìkan ló bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹja kì í bá ara yín jà?" Ó ní láti kékeré lòun ti ń jẹ ẹja, kí ló kan ẹja. Mo ní ó dáa mà. Mo sáré wọ kíṣìnì, mo ki orí bọ inú firíìjì, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Àfi bí mo ṣe padà dé pálọ̀ tí Ìyá Ìjọ gbé ṣíbí dúró. Sísí ti sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó síwájú ẹ̀, ó ń wo abọ́ gàrí yẹn, ó ń ké. Ìwọ náà á ké tí wọ́n bá ń jẹ oúnjẹ ẹ lójú ẹ! Ìyá Ìjọ di ojú, ó mi orí, gbọ́ ohun tó sọ o, mo fi Olúwa tó dá mi búra, mi ò fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ó ní, "Ẹ̀mí fi hàn mí pé ológbò yìí ń jẹ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nínú ilé yìí. Ẹ mú un jáde kó tó di ọjọ́ Àìkú."

Ta ló ń jẹ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀? Ta ni, Mubarakah? Ta ni!

Mo fi ẹ̀jẹ̀ sínú tu itọ́ funfun, mo ní àmín mà. Wọ́n ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá ẹ̀ délé. Tiwa gbé ike délé! Ó wọ bọ́ọ̀sì láti Thames View níbí lọ sí Barking tòun ti oúnjẹ Sísí lórí itan. Sadíìnì ni mo fún Sísí olóhun jẹ.

Mo rò pé ó tán. Lónìí ló wá burú! Wo fóònù yìí, Wásáàpù ẹgbẹ́ àwọn ìyá, kà á. Mi ò rí jígí mi, àmọ́ mo ti há a sórí. "Ẹ̀yin ìyá, ìyàwó Olúṣínà, ìyá Ọmọ́lẹ́wà, ní kúlíkúlí kan tó ń fún ni lókun. Láti Ọjọ́bọ̀ tí mo ti ń jẹ ẹ́, orúnkún mi ò dùn mí mọ́. Yóò gbé ike mẹ́ta wá lọ́la fún ìpàdé wa." Orúnkún, Mubarakah! Kò sì parọ́ o! Ó wà lẹ́yìn àpò níbẹ̀, wọ́n ní ó dáa fún oríkèé!

Kí lo wí? Kí n gbé e lọ, kí n wá sọ fún wọn lójú gbogbo ìjọ lásìkò ẹ̀rí? Ìkà lo jẹ́! Mo rò ó o, mi ò purọ́, mo rò ó títí ìrẹsì mi fi jóná. Àmọ́ rárá. Àgbà ni, ó gbàdúrà fún mi nígbà tí mo fẹ́ bí Ọmọ́lẹ́wà. Èèyàn ò sì gbọdọ̀ bọ́ èèyàn láì sọ ohun tó wà nínú oúnjẹ fún un, ìdí òfin yẹn ni mo ti ń jẹun láti ọdún mẹ́sàn-án. Tó bá lé Sísí, kó lé e, àmọ́ kó mọ oúnjẹ ẹni tó jẹ kó tó lé e! Bá mi gbé àpò yẹn. Jígí mi nìyẹn, lábẹ́ ìdí ẹ. Mo fẹ́ pè é báyìí. Jọ̀ọ́, fi gèlè di ẹnu ẹ.

Hẹ̀lóò, ẹ kú ọ̀sán o, Ìyá Ìjọ. A dúpẹ́ mà. Orúnkún ńkọ́? Ògo ni fún Olúwa. Mà, lórí ọ̀rọ̀ kúlíkúlí yẹn ni. Rárá mà, mi ò ṣahun. Ẹ jẹ́ kí n ka ohun tí wọ́n fi ṣe é fún yín. Adìẹ. Adìẹ gbígbẹ. Ìrẹsì. Epo ẹja. Bẹ́ẹ̀ ni mà, ohun gidi ni. Tọ́ríìnì. Ti kí ni? Ti ojú ni mà. Ojú... ojú ológbò, mà.

Ìyá Ìjọ? Mà? Ẹ ní kí n tún un kà?

Bẹ́ẹ̀ ni mà. Bẹ́ẹ̀ ni, oúnjẹ ológbò gan-an. Sísí ni ológbò náà mà. Mo gbìyànjú, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lanu. Ẹ forí jì mí, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà yìí. Rárá o, mi ò sọ fún ẹnì kankan nínú ìjọ. Ẹ ní kí ni mà? Ẹ̀mí tún sọ̀rọ̀? Báyìí báyìí? Ó ní kí ni? Ó ní ológbò náà ò ṣẹ̀. Ó ní ohun tó ń jẹ, tirẹ̀ ni. Àmín! Àmín o! Ó ní kó jókòó sílé? Ẹ má tíì gbé fóònù sílẹ̀ mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ sí etí ọkọ mi fúnra yín. Bàbá Ọmọ́lẹ́wà o! Ẹ sáré wá, Ìyá Ìjọ ni! Ẹ̀ẹ́n mà? Èyí tó kù nínú ike? Ẹ dà á nù mà. Ẹ ò ní dà á nù? Nítorí orúnkún?

Yé è! Mubarakah, gba fóònù lọ́wọ́ mi, gbé e fún Bàbá Ọmọ́lẹ́wà, gbé e fún un, ẹ̀rín fẹ́ pa mí o! Wo ojú ẹ̀! Wò ó, ó ń fọwọ́ nu ahọ́n! Ó ti gbọ́! Ó kù díẹ̀ kí n bi í bóyá ẹja ń bá a jà!

Ó tó, ó tó, ìhà ń dùn mí. Gbé Sísí wá, rọra gbé e. Tó bá ti sọ̀rọ̀ tán, gba fóònù padà, ká pe Ọmọ́lẹ́wà. Àmọ́ lónìí, kí Sísí dúró lẹ́yìn o. Èmi ló máa ṣáájú.