Ìlà Funfun tí Mo Tún Fà

Fọ́máànù, ọ̀rẹ́ ọkọ mi, ẹ jókòó dáadáa, kí ẹ fi ẹ̀yìn ti nǹkan. Ọmọ-ọmọ yín ni mo fi ìwé yìí rán, òun ni yóò sì kà á sí yín létí, nítorí mo mọ̀ pé ojú yín kò ríwèé kà mọ́, bí ẹ tilẹ̀ ń purọ́ fún gbogbo àdúgbò pé ẹ gbàgbé awò ojú sílé ni. Ìwọ ọmọ, kà á bí mo ṣe kọ ọ́. Má fo ìlà kankan nítorí pé o ṣàánú mi, má sì fi ohùn dídùn bo ohun tí kò dùn. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mo sì ti rò pé yóò bá mi wọ ilẹ̀ lọ. Dókítà sọ fún mi lóṣù tó kọjá pé ọkàn mi ti gbó, kí n má ṣe gun àtẹ̀gùn. Mo ní kí ló kàn mí kan àtẹ̀gùn, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ̀ láti ọdún méjì. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tí ó ń sọ. N kò fẹ́ kí ẹ dúró ti pósí mi kí ẹ máa yìn mí fún ohun tí n kò jẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọmọ yìí wá bá mi, tó ń sunkún bí ọmọ ọdún mẹ́ta. Ó ní ilé iṣẹ́ rélùwéè ti gba òun láti wá kọ́ iṣẹ́ ojú irin, pé ọjọ́ Ẹtì ni òun gbọ́dọ̀ dá wọn lóhùn, ẹ sì ti ní kò gbọdọ̀ lọ. Mo bi í pé kí lẹ sọ. Ó ní ẹ sọ pé, "Ọwọ́ ìdílé wa kì í bá irin ṣe. Mo ti fi tèmi dá ọkọ̀ ṣubú, mi ò ní í fi tìẹ dán an wò." Fọ́máànù, nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, mo ti àwo oúnjẹ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní kí ó bá mi mú bébà wá. Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, n kò rí i kí ẹ fún nǹkan kan le. Bí ẹsẹ̀ àga bá ń mì, ẹ ó ránṣẹ́ pe káfíńtà. Bí ẹ̀rọ omi bá ń jò, ẹ ó gbé korobá sábẹ́ rẹ̀ títí plọ́ńbà yóò fi ráyè. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi etí lásán mọ nọ́ọ̀tì tó ti dẹ̀! Àwọn ará àdúgbò ní ọ̀lẹ ti mú yín, èmi náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo mọ ìdí rẹ̀, mo sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ rí ìwà burúkú.

Ọmọ, ìwọ kò bá ọkọ mi láyé, jẹ́ kí n fi í hàn ọ́. Ókudíẹ̀ ni gbogbo ilé iṣẹ́ rélùwéè, níbi tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣiṣẹ́, ń pè é, torí pé ìgbàkígbà tí wọ́n bá bi í bóyá ohun tí ó ń yà sórí bébà ti parí, èsì rẹ̀ kò ju "Ó ku díẹ̀" lọ. Bàbá mi bi í ìgbà tí yóò wá fẹ́ mi, ó ní ó ku díẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni díẹ̀ náà. Táyà ni ó kọ́kọ́ gbà á lọ́kàn. Ó ní kí ló dé tí ènìyàn fi ń tú nọ́ọ̀tì márùn-ún kí táyà kan tó yọ? Ó yà á kí nọ́ọ̀tì ńlá kan ṣoṣo láàárín máa di gbogbo rẹ̀ mú. Ọjọ́ tí ó fi han àwọn ọ̀gá, ó yọ táyà mọ́tò ilé iṣẹ́ kan kí ẹnikẹ́ni tó ka mẹ́wàá, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Ó dá a padà, ó wa ọkọ̀ náà kí ó fi yí àgbàlá po. Kò tíì yí i po tán tí táyà ọ̀tún já, tó ṣáájú ọkọ̀ lọ, tó gba ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì wọlé, tó lọ kọlu tábìlì akọ̀wé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín, Fọ́máànù, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Kò tíì mọ̀ nígbà náà pé òdì ni nọ́ọ̀tì apá ọ̀tún gbọ́dọ̀ máa yí sí ti apá òsì, kí táyà má baà máa tú u bí ó ti ń lọ. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ọkọ mi fi kọjú sí ògiri. Mo ń gbé oúnjẹ wọlé ní gbígbóná, mo ń gbé e jáde ní tútù. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn ju bí ó ti yẹ kí ènìyàn fẹ́ràn ènìyàn lọ, mo sì búra nínú mi pé wọn kò ní í fi í rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ mọ́ lójú mi.

Nígbà tó yá ó dìde, ó dojú kọ irin. Ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò kọ́ ọ níbi iṣẹ́ yẹn, ọmọ mi, ni pé irin tí ọkọ̀ ń gbà kì í dúró jẹ́ẹ́. Bí ọkọ̀ ẹrù bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí rẹ̀ lójoojúmọ́, yóò máa sún síhà ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹní tí àwọn ọmọdé ń fi ìdí wọ́ lórí rẹ̀. Àlàfo tí a dá sáàárín irin kan àti èkejì, kí irin lè rí ibi nà sí nígbà ooru, yóò sì dí. Bí oòrùn bá wá mú, tí irin kò ríbi nà sí, yóò tẹ̀ kọ̀rọ̀dọ̀. Ọkọ mi ṣe irin kékeré kan tí a sọ ní ẹ̀mú: ó ní eyín tó bu ìdí irin gígùn náà jẹ, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ ti igi ìdábùú tí a tẹ́ irin lé lórí, kí irin má lè sún. Àwọn ọ̀gá ní kí a dán an wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ní ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lẹ́yìn ilé iṣẹ́. Fọ́máànù àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan ẹ̀mú náà mọ́ ogójì igi. Ìdíwọ̀n ni iṣẹ́ tèmi. Mo ní agolo ọ̀dà funfun kan, búrọ́ọ̀ṣì kan àti rúlà irin kan. Mo fa ìlà láti ìdí irin bọ́ sórí igi tó wà lábẹ́ rẹ̀, ogójì igi, ogójì ìlà. Bí irin bá dúró, ìlà náà yóò wà ní ọ̀kan. Bí ó bá sún, ìlà yóò já sí méjì.

Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ wà lábẹ́ ìbòòji igi kan lókèèrè, wọ́n ń mu omi. Mo tẹ̀ wo ìlà kìn-ín-ní. Ó ti já. Mo wo èkejì, ó ti já. Gbogbo ogójì ló ti já, ìbú ìka kan ni ó wà láàárín ìdajì òkè àti ìdajì ìsàlẹ̀. Mo gbójú sókè, mo rí ọkọ mi lókèèrè. Ó di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ń wò mí, kò sì lè súnmọ́ ọ̀dọ̀ mi nítorí ẹ̀rù. Mo rí ògiri yẹn, mo rí ọjọ́ mọ́kànlá. Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ ṣe é kí n tó mọ̀. Mo fi ọ̀bẹ ha ìdajì ìsàlẹ̀, mo tún un fà kí ó bá ti òkè mu. Nígbà tí mo dé orí èkeje, Fọ́máànù, ẹ rìn dé, ẹ fọwọ́ ti ẹ̀yìn yín tó máa ń dùn yín. Ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ tẹ̀ wo gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Ẹ bi mí pé, "Ìyàwó wa, ṣé ó dúró?" Mo ní, "Ó dúró." Ẹ ní, "Bí o bá ti rí i, èmi náà ti rí i," ẹ sì fọwọ́ sí i lórí orúnkún yín. Ẹ ò wo nǹkan kan. Èmi ni ẹ wò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni mo fi ṣe é. Ìgbà òtútù ni, àlàfo ṣì fẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fura. Mo ń sọ fún ara mi pé eyín ẹ̀mú yóò jókòó tó bá yá. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nínú ilé ìwẹ̀. Kò ní ohùn, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ orin tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ọ̀gá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ níwájú gbogbo àwọn tó fi í rẹ́rìn-ín, ó ní, "A gba ẹ̀mú rẹ." Ọkọ mi yíjú sí mi, ojú rẹ̀ kún fún omi, ó ní, "Ìlà rẹ ló gbà mí."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, Fọ́máànù, ẹ̀yin àti àwọn ọmọ iṣẹ́ yín lọ kó òkúta tuntun sábẹ́ àwọn igi yẹn. Ọjọ́ kẹta, òtútù ti lọ, oòrùn mú bí ẹni ń yan nǹkan. Lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán, ọkọ̀ ẹrù ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, irin ti tẹ̀ kọ̀rọ̀dọ̀ níwájú rẹ̀. Mẹ́ta nínú ohun tó ń fà ló dojú dé. Ọlọ́run ṣàánú mi, kò sẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n eegun èjìká igbákejì awakọ̀ ṣẹ́. Mo gbọ́ ariwo rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi.

Ibi tó burú jù rèé. Ọmọ, rọra kà á. Ọ̀gá mẹ́ta jókòó sídìí tábìlì, wọ́n pè mí wọlé. Fọ́máànù dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó di fìlà mú. Wọ́n ní ìwé fi hàn pé irin kò sún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Wọ́n wá bi mí pé, "Ìgbà wo ló sún? Ṣé ṣáájú kí wọ́n tó kó òkúta ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀?" Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n ń béèrè. Mo wo ọkọ mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Lẹ́yìn ni." Ọ̀rọ̀ yẹn ló lé Fọ́máànù kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ọdún méjìdínlógún. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló fi ṣọ́bìrì gbá ẹ̀mú dẹ̀. Bí a ti jáde, Fọ́máànù, ẹ dúró, ẹ sì sọ fún mi pé, "Ìyàwó wa, o ṣé tí o sọ òótọ́. Ọwọ́ mi ni." Ẹ tún bá wa jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ bu ẹran yín sínú àwo mi, ẹ ní ojú mi ti rù.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ ká sùn lóru. Èmi tí mo fẹ́ gba ọkọ mi, n kò gbà á. Ọdún méje ni ó fi wá ohun tó ṣe ẹ̀mú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó mú ọ̀kan dání, ó fọwọ́ pa eyín rẹ̀ tó ti jẹ, ó ní, "Ó jọ pé ó ti ń yọ̀ látọjọ́ kìn-ín-ní. Ṣùgbọ́n ìlà rẹ ní kò yọ̀, ìlà rẹ kì í sì í purọ́." Ó gbé e sílẹ̀, kò sì tún mú un mọ́. Ó gba ìlà mi gbọ́ ju irin tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀ lọ. Ká ní mo sọ fún un ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ yẹn ni, mo mọ ohun tí yóò sọ. Yóò ní ó ku díẹ̀. Yóò fi eyín kejì kún un kí ọ̀sẹ̀ tó parí, yóò sì sun oorun rẹ̀. Orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pè é nìyẹn, èmi ìyàwó rẹ̀ nìkan ni n kò gbà á gbọ́.

Mo ti kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ rélùwéè, ọmọ yóò fi ẹ̀dà rẹ̀ hàn yín. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ, pẹ̀lú orúkọ mi. Fọ́máànù, mo bẹ̀ yín, ẹ dárí jì mí. Bí ẹ kò bá sì lè dárí jì mí, ẹ jẹ́ kí ọmọ lọ ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn kò sí lára gbèsè tí mo jẹ yín. Ọwọ́ ìdílé yín kò ṣe irin ní nǹkan kan rí. Ìwọ ọmọ, bí o bá débẹ̀, máa fi ojú ara rẹ wo ìlà. Bí ẹ̀yìn bá ń dùn ọ́, kúnlẹ̀ wò ó. Bí iṣẹ́ ẹni tí o fẹ́ràn bá kùnà, sọ fún un ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, kí ó ṣì rí àyè tún un ṣe.

Ó ku ohun kan. Àga tí mo fi ń rìn nínú ilé, Ókudíẹ̀ ló ṣe táyà rẹ̀ méjèèjì fún ìyá rẹ̀, nígbà tó ti wá mọ ọ̀nà tí nọ́ọ̀tì ń yí. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ti ọ̀tún ti ń mì. Káfíńtà ìtòsí fẹ́ bá mi fún un, mo ní kí ó máa lọ. Sípánà ńlá wà lórí fèrèsé. Ẹ wá bá mi fún un, Fọ́máànù. Ẹ má gbàgbé pé òdì ni ti ọ̀tún ń yí. Orí àga náà ni n ó jókòó sí nígbà tí ẹ bá ń fún un, n kò sì ní í bojú wo ọwọ́ yín. Bí ẹ bá ti ní ó le, ó ti le.