Ọwọ́ Òsì Mi Tí Ẹ Dè

Alájà, ẹ má ní kí n dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi, ẹ̀yin náà lẹ ó gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni Kóòṣì Hámzàt pè mí síwájú gbogbo èèyàn ní pápá, ó ní Rodiyah, màá ju fírísíbì sí ọ lápá òsì lẹ́ẹ̀mẹwàá, tí o bá mú márùn-ún, o bá wa lọ sí ìdíje Àbújá nìyẹn. Márùn-ún péré. Wàlláhì, mi ò mú ẹyọ kan.

Ẹ ní kí ni fírísíbì? Àwo ike pẹlẹbẹ tí à ń jù síra wa yẹn ni, tí kò gbọdọ̀ balẹ̀. Tó bá gba ọ̀tún wá, kò sẹ́ni tó lè mú un tó mi ní gbogbo àdúgbò Basin wa yìí. Ṣùgbọ́n kó ti yà sí òsì báyìí, ọwọ́ mi á sá sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Màá máa bẹ̀ ẹ́ nínú, dìde, jọ̀ọ́ dìde, kò ní dìde. Kí ọ̀tún tó sáré débẹ̀, àwo ti lọ.

Kóòṣì ní ṣé ọwọ́ yẹn ń dùn mí ni. Kí ni kí n wí? Kí n ní ìyá ìyá mi ló fi gèlè dè é mọ́ mi níbàdí? Àbí ẹ ti gbàgbé? Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Òsì ni mo fi ń jẹun, òsì ni mo fi ń kọ wàláà nílé kéwú, bí Ọlọ́hun ṣe dá mi nìyẹn, ẹ sì fi ọmọ orógùn lù ú títí tó fi wú. Ẹ ní a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Mo ti gbọ́. Ṣé ilé baba mi náà ni àwo tó ń fò?

Wọ́n ti kọ orúkọ Nafisah dípò tèmi, Nafisah tí èmi fúnra mi kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń jù ú. Mi ò tiẹ̀ mọ ẹni tí mo lè bínú sí, torí mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n pè mí ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó dùn mí wọ eegun.

Kóòṣì ní òun á dán mi wò lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́la. Kí ni ọ̀la fẹ́ rí ṣe sí ọwọ́ tó ti kú láti ọdún mẹ́tàlá?

Ẹ fi ẹ̀wà tí ẹ ń ṣà yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ mú ọmọrí ike yẹn, ẹ jù ú sí mi lápá òsì, kí ẹ sì fẹnu ara yín sọ fún ọwọ́ yìí pé ó lè gbà á. Ẹ̀yin lẹ dè é, ẹ tú u. Ẹ jọ̀ọ́, Alájà.

Ó bọ́. Ẹ rí i, mi ò mú un.

Ẹ dúró ná. Ẹ tún un jù kí n wò. Ó lọ tààrà, bí ìgbà tí Kóòṣì bá jù ú. Alájà, ọwọ́ òsì lẹ fi jù ú.

Ta ló de tiyín?