Bí Mo Ṣe Fi Ojú Ìyá Ọmọlará Ta Ọtí

Ẹ̀yin ará Ìdànrè, èmi Ayọ̀mípọ̀sí tó máa ń ya àwòrán ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí há mi lọ́fun bí egungun ẹja, mo sì ti pinnu láti pọ̀ ọ́ síta lónìí, ohun tó bá fẹ́ kó tìdí rẹ̀ yọ. Ìyá arúgbó tí ẹ ń rí lára ìgò wisikí tí wọ́n ń pọn ní Aládé, èyí tó gbójú sókè bí ẹni tó ń gbàdúrà, kò fún mi láṣẹ láti gbé ojú rẹ̀ síbẹ̀. Èmi ni mo jí ojú náà. Èmi náà ni mo tún purọ́ mọ́ ẹni tó ni ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n má baà tún ríbi fara pamọ́ sí.

Ilé iṣẹ́ ọtí náà wà lẹ́yìn oko kòkó. Àgbàdo ni wọ́n fi ń pọn wisikí wọn, wọ́n á sì rọ ọ́ sínú àgbá igi títí yóò fi gbó. Ọ̀gá ibẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Akínkúnmi, dá ètò kan sílẹ̀: wọ́n á gba oníṣẹ́ ọnà kan sọ́dọ̀ fún oṣù mélòó kan, wọ́n á fún un ní yàrá àti oúnjẹ, kó máa ya ohun tó bá wù ú. Nígbà tí wọ́n mú mi, inú mi dùn kọjá bó ṣe yẹ. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń pàtẹ àwòrán káàkiri, èmi ṣì ń kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù l'Ákùúrẹ́. Ọ̀gá ní ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, ìyẹn àwòrán tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ìgò àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ náà máa gbé jáde. Ó ní, "Bí ìyẹn bá dáa, màá mú ìyókù iṣẹ́ rẹ dé London. Mo mọ àwọn tó ń pàtẹ àwòrán níbẹ̀." Mo ya àpáta, ó ní ta ni kò tíì ya àpáta Ìdànrè. Mo ya kòkó, ó ní ṣé ṣokoléètì lòun ń tà ni. Mo ya àgbá igi, ó yán.

Orí Òkè Ìdànrè ni mo ti pàdé Ìyá Ọmọlará. Mo gòkè lọ wá ohun tí màá yà, mo sì bá ìyá kan lẹ́yìn àwọn ilé àtijọ́, nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà. Aládùúrà ni. Ó ń pe orúkọ àwọn èèyàn nínú àdúrà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń bu oúnjẹ fọ́mọ. Òjò bẹ̀rẹ̀, kò dìde. Ó kàn gbójú sókè sí i. Láyé mi, n kò rí irú ojú bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó ṣe "Àmín", ó rí mi, ó ní, "Ọmọ yìí, òjò ti pa ọ́. Kí lorúkọ rẹ? Jẹ́ kí n fi kún àwọn tí mò ń pè." Bó ṣe di ìyá mi nìyẹn. Ó ń se iṣu fún mi, ó sì ń jẹ́ kí n ya òun, bó bá ń já ẹ̀fọ́, bó bá ń gbàdúrà. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé, "Ṣé kì í ṣe nítorí ọtí wọn lo ṣe ń yà mí?" Mo ní, "Rárá o, Màmá. Ara ògiri ilé mi ni mo fẹ́ gbé e kọ́ sí." Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, "Ọtí ló pa bàbá Ọmọlará. Ó ṣubú sí gọ́tà lọ́sàn-án gangan, àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n rò pé ó ń sùn ni. Látìgbà náà ni mo ti ń bá àwọn ọ̀mùtí àti ìyàwó wọn gbàdúrà. Má jẹ́ kí òjìji mi pàápàá dé ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń pọn ọ́n. Ṣé o gbọ́?" Mo ní, "Mo gbọ́, Ma." Ẹ ò rí i? Ó sọ fún mi, mo sì dá a lóhùn. N kò lè sọ pé n kò mọ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Ọ̀gbẹ́ni Akínkúnmi wọ yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ó sì rí àwòrán náà. Ó dúró, ó ní, "Ta nìyí?" Mo ní ìyá kan ni. Ó ní, "Ojú tí mò ń wá nìyí! Ẹni tó bá rí i á gbà pé ọtí wa ti wà láti ayébáyé. Ṣé ìyá náà gbà?" "Rárá" kò ṣòro pè. Ṣùgbọ́n mo rí London níwájú mi, mo ní, "Wọ́n gbà, Sà." Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, kò bi mí mọ́. Mo rò pé ó mọ̀ pé irọ́ ni. Síbẹ̀, n kò ní bá a pín ẹ̀bi mi. Ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde.

Ìgò náà jáde. Wọ́n gbé ojú ìyá náà sórí pátákó ìpolówó ńlá lójú ọ̀nà Owena. Ọmọlará, ọmọ rẹ̀, sáré wá bá mi, ó ní, "Antí Ayọ̀, kí ni màmá mi fi ṣe yín?" Ìyá náà lọ gbàdúrà fún ọ̀mùtí kan, ìyẹn sì na ìgò sí i, ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin náà kúkú nìyí lára rẹ̀!" Ó padà sílé láìgbàdúrà. Ìjọ ní kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀, wọ́n sì ránṣẹ́ pè mí láti wá jẹ́rìí. Ọ̀gbẹ́ni Akínkúnmi ní, "Bí o bá sọ pé ìyá náà kò mọ̀, a máa kó ìgò kúrò lọ́jà, ìwọ náà á sì gbàgbé London."

Ẹ̀yin ará, ibi tó burú jù nìyí. Wòlíì Dúrójaiyé, olórí ìjọ náà, bi mí níwájú gbogbo wọn pé, "Ṣé Màmá mọ̀ pé ara ìgò ọtí lo máa gbé àwòrán wọn sí?" Ohùn mi kò gbọ̀n. Mo ní, "Wọ́n mọ̀. Àwọn gan-an ló ní kí n yà wọ́n dáadáa, kí gbogbo ayé lè rí wọn." Ẹnikẹ́ni kò rán mi ní gbólóhùn kejì yẹn. Èmi ni mo fi ṣe ọ̀ṣọ́ sí irọ́ mi, bí mo ṣe máa ń fi ọ̀dà ṣe ọ̀ṣọ́ sí àwòrán. Ìyá náà ní, "Ayọ̀mípọ̀sí, wò mí." Ilẹ̀ ni mò ń wò. Wọ́n ní kó bọ́ sùtánà rẹ̀, pé kò gbọ́dọ̀ ṣáájú àdúrà mọ́. Ó bọ́ ọ, ó ká a dáadáa, ó gbé e lé orí àga, ó sì gba ẹ̀yìn jáde. Kò ṣépè.

Mo dé London lóòótọ́. Níbi ìpàtẹ àwòrán mi, bí wọ́n ṣe ń bu wisikí náà fún àlejò, obìnrin kan dúró níwájú àwòrán, ó bi mí pé kí ni ìyá yìí ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé orúkọ mi wà lára àwọn orúkọ tí ìyá náà ń pè. Mo padà wálé. Mo lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Akínkúnmi, mo ní mo fẹ́ sọ òtítọ́. Ó ní, "Màá pè ọ́ lẹ́jọ́." Mo ní, "Ẹ pè mí, Sà." Lọ́jọ́ Sunday, mo kúnlẹ̀ níwájú ìjọ kan náà, mo sọ gbogbo rẹ̀. Àwọn kan hó lé mi lórí. Wòlíì kò dúró parí ìsìn. Ó gbé sùtánà náà lọ sílé ìyá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì bẹ̀ ẹ́. Èmi náà kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá gba ẹ̀wù rẹ̀, ó ní kí Wòlíì dìde. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́, nítorí kí èmi fúnra mi lè sùn. Ṣùgbọ́n ojú mi ńkọ́? Ta ló máa bá mi gbà á padà?"

Mo ra ọ̀dà funfun, mo gbé àkàbà, mo gun pátákó ojú ọ̀nà Owena lọ́sàn-án, mo sì fi ọ̀dà bo ojú náà. Ọlọ́pàá mú mi. Ẹjọ́ náà ṣì wà ní kóòtù. Bí wọ́n bá ní kí n ṣẹ̀wọ̀n, màá ṣe é, n kò ní sá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ̀bùn wà lọ́wọ́ yín, bí ẹni tí ẹ fẹ́ yà bá ní rárá, ẹ ká bébà yín. Ojú èèyàn kì í ṣe àpáta tó wà fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ìgò náà ti dé ibi tí ọwọ́ mi kò lè tó. Nítorí náà, bí ọ̀kan bá wà nílé yín, n kò bẹ̀ yín pé kí ẹ fọ́ ọ. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbóná, kí ẹ rọra bó bébà ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì sun ún. Ẹ bá mi dá ojú olójú padà.